Amọ̀ Lẹ́nu Àpótí Ásíìdì

Ohun méjì ni Léonard máa ń gbé kọ́ ọrùn: mẹ́dáyì Màríà Mímọ́ kan, àti kọ́kọ́rọ́ àpótí onílẹ̀kùn kan. Bí ó bá fẹ́ wẹ̀, yóò bọ́ mẹ́dáyì náà sílẹ̀ kí ọṣẹ má baà bà á jẹ́. Kọ́kọ́rọ́ ni kì í bọ́. Lucienne ìyàwó rẹ̀ sọ fún àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń pọn omi pé, lálẹ́, irin náà ni ó máa ń kọ́kọ́ kan òun lára kí ọwọ́ ọkọ òun tó dé.

Olùkọ́ ni ọkùnrin yìí. Ìmọ̀ ṣimí ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ́léèjì kékeré kan tó wà nísàlẹ̀ òkè ní Dásà, ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí ilẹ̀ Dahomè gba òmìnira. Ṣimí ni ẹ̀kọ́ nípa bí ohun kan ṣe ń bá òmíràn pàdé, tí àwọn méjèèjì á sì di ohun tí wọn kò jẹ́ tẹ́lẹ̀. Léonard kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ yìí fún ọdún mélòó kan láì jẹ́ kí ohun kan bá òmíràn pàdé lójú wọn. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Kì í mutí, kì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́, kì í na ọmọ láìnídìí. Ó fẹ́ràn ètò púpọ̀. Ètò rẹ̀ kàn ni kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Abúlé kan ní agbègbè Lèma ni wọ́n ti bí i. Bàbá rẹ̀ ni ó ń ṣọ́ àká ìdílé. Láàárín àwọn òkè wa yìí, ẹni tó ń ṣọ́ àká kì í ṣe ènìyàn kékeré, nítorí pé láyé ogun, orí àpáta ni àwọn baba wa gbé irúgbìn wọn sá lọ, ẹni tí irúgbìn sì bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́, òun ló pa ìdílé, kì í ṣe ogun. Lẹ́yìn ìkórè, wọ́n á kó àgbàdo àti ẹ̀wà tí wọn yóò gbìn lọ́dún tó ń bọ̀ sínú àká, wọ́n á po amọ̀ mọ́ eérú, wọ́n á fi dí ẹnu rẹ̀ pinpin. Eérú ń lé kòkòrò, amọ̀ kì í jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án títí òjò àkọ́kọ́ yóò fi rọ̀. Bàbá Léonard mọ amọ̀ dí tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará abúlé Tré fi máa ń ránṣẹ́ pè é. Ọmọ tó bá fi ìka kan ẹnu àká yóò gba ìgbátí. Báyìí ni Léonard ṣe mọ ohun méjì kí ó tó mọ ìwé kà: pé ohun tó dára ni ohun tí a dí, àti pé olè ni ẹni tó bá ṣí i.

Ní ilé-ìwé àwọn Fadá, ọpọlọ rẹ̀ ń gba nǹkan dúró bí àká ṣe ń gba ọkà. Ohun tí wọ́n bá kà fún un lẹ́ẹ̀kan, yóò kà á padà bí ó ti rí, títí kan ibi tí olùkọ́ ti wúkọ́. Wọ́n rán an lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ lápá Porto-Novo. Òyìnbó Fadá àgbàlagbà kan ni ó kọ́ wọn ní ṣimí níbẹ̀. Nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ kan ti da ásíìdì sí i láṣọ nígbà kan rí, ó máa ń ní kí gbogbo wọn fẹ̀yìn ti ògiri, kí wọ́n káwọ́ sẹ́yìn, kí òun sì dá ṣe iṣẹ́ náà nídìí tábìlì lọ́nà jíjìn. Ìgúnpá Fadá ni Léonard rí jù nínú gbogbo ṣimí tí ó kọ́. Ṣùgbọ́n nígbà ìdánwò ó kọ ọ́ sílẹ̀ láì ṣì kan: ásíìdì bá báàsì pàdé, ó di iyọ̀ àti omi. Ó gba ipò kìíní. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè bí ásíìdì ṣe ń rùn.

Ó padà sí Dásà pẹ̀lú ipò kìíní rẹ̀, ó fẹ́ Lucienne, wọ́n bí Ignace, a sì gbà á sí kọ́léèjì. Àlùfáà tí gbogbo wa ń pè ní Mọ̀npẹ́ Benoît ni ọ̀gá ibẹ̀, ọmọ ilẹ̀ wa ni, ó ní sùúrù ju bí ó ti yẹ lọ. Ní ọdún kejì, ọkọ̀ ojú irin gbé àpótí ńlá kan dé láti Kútọnu fún ẹ̀kọ́ ṣimí. Ìgo ásíìdì wà nínú rẹ̀, àti ìgo ámóníà, àti sódù tó funfun bí iyọ̀, àti irin zínkì wẹ́wẹ́, àti àwọn ìwé pélébé tí bébà inú wọn ń pààrọ̀ àwọ̀, tó ń di pupa bí ásíìdì bá kàn án, tó sì ń di búlúù bí báàsì, irú sódù, ámóníà tàbí omi eérú, bá kàn án. Ohun tó dára jù níbẹ̀ ni ife onígíláàsì kan tó ní ọ̀pá méjì nínú, èyí tí ènìyàn lè so mọ́ bátìrì láti fi iná tú omi sí afẹ́fẹ́ oríṣi méjì.

Mọ̀npẹ́ ra àpótí onílẹ̀kùn tí a óò kó wọn sí, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ lé Léonard lọ́wọ́. Léonard to gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ ara rẹ̀. Ó tò wọ́n bí a ṣe ń to ẹbí fún fọ́tò: àwọn tó ga lẹ́yìn, àwọn kúkurú níwájú. Ìgo ásíìdì tó le jù àti ìgo ámóníà ga bákan náà, àwọ̀ ilẹ̀ ni àwọn méjèèjì, nítorí náà ó fi wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn ní àárín. Ó rẹwà. Ẹnikẹ́ni tó bá sì ti ṣí àwọn méjèèjì nínú yàrá kan rí mọ̀ pé wọn kò lè ṣe aládùúgbò, nítorí pé èéfín ọ̀kan a máa wá èéfín èkejì lọ, bí wọ́n bá sì pàdé, wọ́n á di ẹ̀tù funfun. Léonard pàápàá mọ̀. Ó ń kọ ọ́ sára pátákó lọ́dọọdún, ó sì ń fa ilà pupa sí i nídìí. Kò kàn wá sí i lọ́kàn pé ohun tó wà lára pátákó lè ṣẹlẹ̀ nínú àpótí òun.

Bí ó ṣe ń kọ́ni nìyí. Yóò fi ṣọ́ọ̀kì ya ìgo, yóò ya ife, yóò ya bébà. Yóò ní kí àwọn ọmọ ya á sínú ìwé wọn, kí wọ́n wá fi pẹ́ńsùlù pupa kun ìdajì bébà náà, kí wọ́n fi búlúù kun ìdajì tó kù. Ẹni tó bá kùn ún kọjá ilà yóò pàdánù máàkì. Bí ó bá di ti fífi iná tú omi, yóò ya àwọn ìhó omi kéékèèké sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá méjèèjì, ìlọ́po méjì ní apá kan, àwọn ọmọ á sì ya tiwọn. Ní kọ́léèjì wa, pẹ́ńsùlù ni ó ń sọ ásíìdì di pupa.

Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì náà tó ń jẹ́ Odette, ọmọ àgbẹ̀ kan láti Aklampa, kì í pariwo, ṣùgbọ́n kì í gbàgbé nǹkan. Ní ọjọ́ kan ó nawọ́.

Ó ní, "Mesíè, ẹ jọ̀ọ́, pupa wo ni? Ṣé bí epo pupa ni àbí bí ẹ̀jẹ̀?"

Léonard ronú díẹ̀. Ó ní, "Pupa bí wọ́n ṣe pè é nínú ìwé ni."

Àwọn ọmọ kọ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà ìsinmi gígùn àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí àpótí náà dé, ó rò ó pé kòkòrò, ikán àti ọ̀rinrin òjò yóò fẹ́ wọ inú àpótí náà nígbà tí ẹnikẹ́ni kò sí níbẹ̀. Ó lọ sí Lèma, ó gbé amọ̀ wá nínú agbọ̀n lórí kẹ̀kẹ́, ó po ó mọ́ eérú gẹ́gẹ́ bí bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ, ó sì fi dí gbogbo ojú ilẹ̀kùn àpótí náà, lókè, nísàlẹ̀ àti láàárín, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tútù pa á títí ó fi ń dán. Mọ̀npẹ́ rí i, ó bi í pé kí ni èyí. Ó ní ọ̀nà àwọn baba ni. Mọ̀npẹ́, tó jẹ́ ọmọ àgbẹ̀, kò mọ ohun tí yóò sọ sí ọ̀nà àwọn baba, ó bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí ilé-ìwé wọlé, Léonard wo amọ̀ náà, ó rí i pé ó dán, kò ní sísán kankan. Àánú ṣe é láti fọ́ ọ. Àwọn ọmọ ní pẹ́ńsùlù. Ó fi í sílẹ̀ títí di Kérésìmesì, lẹ́yìn náà títí di Àjíǹde, lẹ́yìn náà ó tún amọ̀ mìíràn lé e nígbà ìsinmi tó tẹ̀ lé e. Báyìí ni ó ṣe rí tí ohun tó yẹ kí ó ṣí lójoojúmọ́ fi di ohun tí kì í ṣí mọ́ rárá. Tí àlejò bá wá, yóò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí náà, yóò gbé ọwọ́ lé e, yóò ní gbogbo ṣimí kọ́léèjì ló wà níbẹ̀, ìkankan kò sì dín. Òtítọ́ ni ó rò pé òun ń sọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Valentine dé. Ọmọ Savalou ni, ọ̀dọ́bìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nílé-ẹ̀kọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ yá jù ú lọ. Wọ́n fún un ní àwọn kíláàsì kékeré. Ní ọ̀sẹ̀ tó dé, ó lọ bá Léonard lábẹ́ igi máńgòrò, ó kí i dáadáa, ó sì ní òun fẹ́ yá ásíìdì díẹ̀ àti ìwé bébà aláwọ̀ kan.

Léonard bi í pé kí ni ó fẹ́ fi ṣe. Ó ní òun fẹ́ fi han àwọn ọmọ.

Léonard ní, "Wọn yóò rí i lára pátákó nígbà tí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ mi. Mamusẹ́ẹ̀lì, bí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ rí nǹkan bá ń ṣí àpótí, kí ni yóò ṣẹ́ kù?"

Valentine ní, "Àpótí náà á ṣẹ́ kù, Mesíè. Ṣebí òun lẹ fẹ́ràn."

Ó yí padà, ó lọ sí ọjà. Ó ra ìṣápá pupa gbígbẹ lọ́dọ̀ àwọn obìnrin, ó ra ọsàn wẹ́wẹ́, ó gba eérú lọ́wọ́ Perpétue tó ń dáná fún àwọn ọmọ ní kọ́léèjì, ó sì lọ sí ṣọ́ọ̀bù Ràmọ́nù, tó ń ta aṣọ, bátìrì àti kẹrosíìnì, ó ra bátìrì tọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ kejì, omi ìṣápá wà nínú ife lórí tábìlì rẹ̀. Ọmọ kan fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ó pupa fòò. Ọmọ mìíràn da omi eérú sí èkejì, pupa náà sá lọ, ó di àwọ̀ ewé. Wọ́n wá ń da ọsàn sí ti eérú díẹ̀díẹ̀, títí ó fi padà sí pupa. Ó fi okùn wáyà so bátìrì mọ́ ọ̀pá dúdú inú pẹ́ńsùlù méjì, ó tì wọ́n bọ omi eérú, afẹ́fẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í hó ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó pọ̀ ní apá kan ju èkejì lọ. Ariwo àwọn ọmọ dé kíláàsì Léonard, níbi tí wọ́n ti ń ya ìhó omi.

Léonard sọ nínú yàrá àwọn olùkọ́ pé ọbẹ̀ ìṣápá ni Mamusẹ́ẹ̀lì ń sè fún àwọn ọmọ, pé ìyẹn kì í ṣe ṣimí, nítorí kò sí orúkọ ìṣápá nínú ìwé. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ Valentine kí agogo tó dún.

Ó ní, "Ẹ bá mi sọ fún un pé ọbẹ̀ tiwa ti jinná. Tirẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó ti gbé e kaná?"

Láti ọjọ́ náà ni àwọn ọmọ ti ń pe Léonard ní Bàbá Àpótí. Kì í ṣe oríkì.

Ní ìgbà ọyẹ́ ọdún tó tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ wá láti Porto-Novo. Ìjọba fẹ́ mọ ẹni tó yẹ láti máa kọ́ kíláàsì tó ga jù ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Olùbẹ̀wò kan yóò wá, yóò jókòó sẹ́yìn, yóò wo olùkọ́ kọ̀ọ̀kan níbi tí ó ti ń ṣiṣẹ́ lójú àwọn ọmọ. Ohun méjì ni Léonard yóò ṣe: yóò fi bébà aláwọ̀ ya ásíìdì sọ́tọ̀ kúrò lára báàsì, yóò sì fi iná tú omi. Bí ó bá ṣe é, wọn yóò fún un ní oyè pọ̀rọ̀fẹsẹ̀, ìyẹn olùkọ́ àgbà kọ́léèjì, kíláàsì náà á sì di tirẹ̀ títí ayé. Bí kò bá lè ṣe é, wọn yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Kò sí ohun tí Léonard fẹ́ láyé tó oyè yìí. Bàbá rẹ̀ ti darúgbó ní Lèma, ó sì ti ń sọ fún àwọn aládùúgbò pé ọmọ òun ti ń di pọ̀rọ̀fẹsẹ̀, bí ẹni pé ó ń wú díẹ̀díẹ̀ bí iṣu. Léonard dá kóòtù tuntun lọ́dọ̀ Ràmọ́nù. Ní alẹ́, ó ń ka ẹ̀kọ́ náà sókè fún Lucienne láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lucienne gbọ́ ọ títí ó fi há òun náà lórí.

Ó bi í pé, "Bàbá Ignace, ẹ̀ ń ka ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ohun tí ẹ fẹ́ ṣe ńkọ́?"

Ó dá a lóhùn pé ohun kan náà ni.

Mọ̀npẹ́ Benoît pè é. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ṣí àpótí náà ṣáájú, kí ó dán gbogbo rẹ̀ wò, nítorí pé ó ti pẹ́. Valentine wà níbẹ̀, òun náà sì sọ ọ́, láìfi ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́tẹ̀ yìí, pé bébà lè ti bàjẹ́. Ìyẹn ni ó ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Bí Mọ̀npẹ́ nìkan ni ó sọ ọ́ ni, bóyá ìbá gbà.

Léonard fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ní, "Mo ti dí i. Kò sí kòkòrò tó lè wọ ibẹ̀."

Mọ̀npẹ́ wò ó, ó sì wo ilẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé kòkòrò kì í jẹ ásíìdì. Ó jọ ohun tí kò yẹ kí a máa sọ fún olùkọ́ ṣimí.

Olùbẹ̀wò náà dé pẹ̀lú ọkọ̀ ojú irin òwúrọ̀. Mesíè Désiré ni orúkọ rẹ̀, ọkùnrin kúkurú tí kì í gbé ohùn sókè. Ó jókòó sẹ́yìn, Mọ̀npẹ́ jókòó tì í, Valentine dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ọyẹ́ mú púpọ̀, ètè àwọn ọmọ ti là. Léonard wọlé nínú kóòtù tuntun. Kò ṣáájú kọ nǹkan kan sára pátákó. Ó lọ tààrà sídìí àpótí, ó yọ ọ̀bẹ kékeré, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé amọ̀ kúrò lójú ilẹ̀kùn. Ó ń ṣe é pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń kó èérún rẹ̀ sínú aṣọ ìnujú. Mesíè Désiré fẹnu sí etí Mọ̀npẹ́, ó bi í bóyá wọ́n ti ṣí i dán wò. Mọ̀npẹ́ mi orí pé rárá.

Nígbà tí amọ̀ tán, ó ki kọ́kọ́rọ́ bọ ihò. Kò yí. Ó yọ ọ́, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó tún kì í bọ̀ ọ́. Kò yí. Àwọn ọmọ rí i pé ìpáàrà ti yọ lójú ihò náà, ó ti hù bí olú. Valentine lọ mú epo wá láti ilé ìdáná. Léonard gba epo náà láì wo ojú rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ yí, ó ké, ilẹ̀kùn sì ṣí.

Òórùn ló kọ́kọ́ jáde, tó gún imú gbogbo ẹni tó wà níwájú. Lẹ́yìn náà ni a rí inú rẹ̀. Ó funfun. Ẹ̀tù funfun bo gbogbo ìgo, ó bo gbogbo pẹpẹ, ó sì rọ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn bí ìgbà tí ẹnì kan bá gbọn àpò ìyẹ̀fun síbẹ̀. Bébà tó wà lára àwọn ìgo ti jẹ, a kò lè ka orúkọ kankan mọ́. Irin zínkì ti di lẹ́búlẹ́bú bí eérú. Àwọn ìdè bàbà tó wà lára ife onígíláàsì ti di àwọ̀ ewé, wọ́n sì já nígbà tí ó fọwọ́ kàn wọ́n. Ìdérí ìgo sódù ti lẹ̀ mọ́ ọrùn ìgo, wọ́n ti di ọ̀kan. Léonard mú ìwé bébà aláwọ̀ búlúù, ó ṣí i. Gbogbo rẹ̀ ti pupa láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Pupa náà kò jọ epo, kò sì jọ ẹ̀jẹ̀. Ó jọ àwọ̀ òdòdó tó ti gbó.

Léonard dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìwé náà lọ́wọ́. Nígbà tí ó máa sọ̀rọ̀, èdè ilé rẹ̀ ní Lèma ni ó fi sọ ọ́, kì í ṣe Faransé.

Ó ní, "Kòkòrò ti wọ ibẹ̀."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, lẹ́yìn náà gbogbo kíláàsì. Kì í ṣe ẹ̀rín rere. Ẹ̀rín àwọn tó ti fi pẹ́ńsùlù kun bébà fún ọdún mẹ́ta ni.

Mesíè Désiré dìde, ó wá wo inú àpótí náà, ó fi ìka mú díẹ̀ nínú ẹ̀tù funfun náà. Ó bi àwọn ọmọ pé kí ni wọ́n rò pé ó jẹ́. Wọn kò mọ̀, àfi Odette tó nawọ́, tó ní ó lè jẹ́ ohun tí Mesíè máa ń fa ilà pupa sí nídìí lára pátákó, ti ásíìdì àti ámóníà. Ó ní òun kàn ń rò ó ni, nítorí pé òun kò rí i rí.

Olùbẹ̀wò bi Léonard bóyá ọ̀nà wà tí a lè fi mọ̀. Léonard bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tó wà nínú ìwé. Ó kà á dáadáa. Ó yí sí pátákó, ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó ya ìgo méjì, ó ya èéfín tó ń pàdé, ó sì ń wá ṣọ́ọ̀kì pupa fún ilà ìdí rẹ̀. Mesíè Désiré jẹ́ kí ó yà á parí. Ẹ̀yìn ìyẹn ni Valentine, tí ẹnikẹ́ni kò rán níṣẹ́, wọlé pẹ̀lú eérú nínú igbá. Ó bu ẹ̀tù funfun náà sínú rẹ̀, ó wọ́n omi sí i, ó fi igi rò ó, ó sì gbé igbá náà káàkiri síwájú imú àwọn ọmọ. Òórùn ìtọ̀ tó ti pẹ́ ni ó ń jáde níbẹ̀. Gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n. Ámóníà tó ti fara pamọ́ nínú ẹ̀tù náà ni eérú ń lé jáde. Ó gbé igbá náà dé iwájú Léonard pẹ̀lú, ó sì dúró níbẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Kò níláti ṣe ìyẹn. Léonard fà sẹ́yìn, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó káwọ́ sẹ́yìn.

Mesíè Désiré pa ìwé rẹ̀ dé. Ó ní, "Mesíè Léonard, mo ti wo ilé-ẹ̀kọ́ púpọ̀. Àpótí tó ń ṣe ṣimí fúnra rẹ̀ nítorí pé olùkọ́ kò ṣe é, èyí ni mo kọ́kọ́ rí."

Ọkọ̀ ojú irin ọ̀sán ni ó bá padà. Kí ọdún ẹ̀kọ́ náà tó parí, a ti gba kíláàsì ńlá lọ́wọ́ Léonard, a ti fi fún Valentine. Odette àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìṣápá àti bátìrì Ràmọ́nù parí ẹ̀kọ́ wọn. Ní Lèma, bàbá arúgbó náà dákẹ́ ọ̀rọ̀ pọ̀rọ̀fẹsẹ̀. Àwọn aládùúgbò kò bi í, wọ́n kàn ń kí i jù.

Mọ̀npẹ́ kò lé Léonard lọ. Ó rò ó fún ọjọ́ mélòó kan, ó sì fi í ṣe olùṣọ́ yàrá oúnjẹ: ẹ̀wà, àgbàdo àti gàrí tí àwọn ọmọ ń jẹ. Àwọn kan pè é ní àánú. Èmi rò pé ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni ní kọ́léèjì náà fi ohun kan sí àyè rẹ̀. Léonard gba kọ́kọ́rọ́ tuntun, ó gbé e kọ́ ọrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́dáyì, ó sì tún gbé agbọ̀n sórí kẹ̀kẹ́ lọ sí Lèma. Ó to ẹ̀wà sínú àwọn ìkòkò ńlá, ó dí ẹnu wọn, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa á. Ní ọdún tí kòkòrò jẹ ẹ̀wà gbogbo Dásà, wọn kò rí ihò kan lára tirẹ̀. Ó sọ ìyẹn fún gbogbo ẹni tó bá kọjá, títí kan ẹni tó ti gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìwà rẹ̀ kò yí. Bí ọjọ́ tí a óò ṣí ìkòkò bá dé, yóò wo amọ̀ dídán náà, kò ní fẹ́ fọ́ ọ. Yóò bi Perpétue bóyá ti àná kò ṣẹ́ kù. Perpétue kì í bá a jiyàn. Ó dúró tì í pẹ̀lú agbada lórí, ó ní, "Mesíè, àwọn ọmọ yìí kì í jẹ kọ́kọ́rọ́."

Nígbà náà ni yóò yọ ọ̀bẹ kékeré náà. Àwọn ọmọ kíláàsì kékeré máa ń dúró láti wò ó, nítorí ohun kan tí ó máa ń ṣe, tí wọ́n sì máa ń sín jẹ lẹ́yìn rẹ̀. Bí amọ̀ bá ti là, kò ní kọ́kọ́ tọwọ́ bọ inú ìkòkò. Yóò na ọwọ́ dá Perpétue dúró, yóò tẹ orí ba, yóò sì gbóòórùn rẹ̀, ó pẹ́, ó di ojú, bí ẹni tó ń wò ó bóyá òórùn inú àpótí ọjọ́ náà tún wà níbẹ̀. Ẹ̀wà ni ó máa ń gbọ́. Síbẹ̀ yóò tún gbóòórùn lẹ́ẹ̀kan sí i kí ó tó yà fún Perpétue. Ìyẹn ni gbogbo ṣimí tí ó rí kọ́.